Wákàtí Kan Fún Aláìgbàgbọ́

Lẹ́tà mẹ́ta ni Tíṣà Akínpẹ̀lú kọ kí ilé rédíò tó dá a lóhùn, nígbà tí wọ́n sì máa dá a lóhùn, ohun tó béèrè kọ́ ni wọ́n fún un. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní kí wọ́n bá òun sọ lórí afẹ́fẹ́. Àwọn ní kó wá jókòó sórí ètò, kó bá pásítọ̀ kan àti alfa kan jiyàn fún wákàtí kan gbáko, kí aráyé máa gbọ́. Ẹni tó tọrọ omi ife kan, wọ́n ní kó wá lúwẹ̀ẹ́ nínú odò.

Gbólóhùn náà ò sì gùn. Ilé rédíò aládàáni ni ilé rédíò yìí, ìlú Ọ̀yọ́ ló wà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ ọ ketekete dé Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé ọ̀nà Iresa. Tíṣà fẹ́ kí wọ́n sọ fún àwọn olùgbọ́ wọn pé ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ kì í ṣe wèrè. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má wàásù, kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà.

Eré kan tí wọ́n ń ṣe lálaalẹ́ Ọjọ́rú ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú eré náà, ọmọbìnrin kan jáde ní yunifásítì, ó délé, ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti ń bá igi sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti já sí ọjà ní ìhòòhò, àwọn òṣèré sì ń pariwo bí ẹni pé ilé ń jó.

Martha gbọ́ eré yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Martha ni opó àbúrò Tíṣà. Ó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ní Ọjà Igbó, rédíò kékeré kan kì í sì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni olóògbé fi sílẹ̀ fún un, Ẹ̀yẹolúwa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni Ẹ̀yẹ sọ fún ìyá rẹ̀ níbi àdúrà òwúrọ̀ pé òun ò gbàgbọ́ mọ́, pé òun ò sì fẹ́ máa parọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá ò bínú nígbà náà. Ó rò pé yóò kọjá bí ibà ṣe ń kọjá. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ inú rédíò bọ́ aṣọ, Martha ò sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ya wèrè nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ó sì rántí bí wọ́n ṣe ń fi okùn so ó mọ́ òpó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tan Ẹ̀yẹ pé àwọn ń lọ kí ìyá àgbà kan lóko, ó gbé e lọ sí ilé àdúrà kan ní ọ̀nà Iresa. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gba bàtà rẹ̀, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ọmọ tó ní ọgbẹ́ inú láti ilé ìwé girama.

Tíṣà lọ sí ilé àdúrà náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó wá gba ọjà lọ.

"Ìyá Ẹ̀yẹ," ó ní, "èmi náà ò gbàgbọ́. Ó ti lé lógójì ọdún. Ṣé mo ya wèrè ni?"

"Tiyín yàtọ̀, Bàbá Tẹniọlá. Àgbà ni yín."

"Wèrè máa ń bẹ̀rù àgbà ni?"

Martha ò rẹ́rìn-ín. Ó ń to bọ́tìnnì sínú ike bí ẹni tó ń to ẹyin. "Ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò ni mò ń sọ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kàwé jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí rédíò yẹn náà bá sọ ọ́ pé kì í ṣe àìsàn, èmi fúnra mi ni màá lọ gbé ọmọ mi wálé."

Tíṣà di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ìdí tó fi kọ lẹ́tà nìyẹn, ìdí náà nìyẹn tó fi gbà láti lọ bá àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí jiyàn lójú ayé. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oníjà. Kẹ́mísírì ló fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kan àga fún àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi tó wá láti Amẹ́ríkà, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ díákónì títí tó fi kú. Tí wọ́n bá ń ṣe ìsìnkú, Tíṣà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, á bá wọn kọrin. Ẹni tó bá bi í ló ń sọ fún pé òun ò gbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ kì í bi í, nítorí wọn ò fẹ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá pé, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, ó dé fìlà, ó wọkọ̀ ní gáréèjì, ó di Ọ̀yọ́. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ó sì ti kà á sókè nílé pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni. Ó rò pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kò lè sọnù nínú wákàtí kan. Kò tíì wọ ilé rédíò rí ni.

Ràódàt ni orúkọ ọmọbìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin ni pásítọ̀ wa?"

"Rárá o."

"Ẹ má bínú, sà. Alfa ni yín?"

"Èmi ni Akínpẹ̀lú, láti Ògbómọ̀ṣọ́."

Ràódàt wo ìwé iwájú rẹ̀, ó wo Tíṣà, ó tún wo ẹ̀yìn Tíṣà bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. "Sà, ẹni tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, aláìgbàgbọ́ ni o."

"Èmi náà ni."

"Há. Ẹ ò jọ ọ́ rárá, sà." Ó fi yìn ín ni. Ó fún un ní omi, ó sì lọ sọ fún mégáàdì pé kó padà sí ẹnu géètì, nítorí wọ́n ti ní kó dúró nítòsí sítúdíò tí aláìgbàgbọ́ bá fẹ́ fa wàhálà.

Saifudeen ló ń darí ètò náà, gẹ́ńdé ọkùnrin olóhùn dídùn kan. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àlejò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ Simon àti Alfa Israfil ti jókòó, àwọn méjèèjì sì dìde fún Tíṣà, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n béèrè àwọn ará ilé. Tíṣà ti múra fún ìjà. Kò múra fún ẹ kú ọ̀nà.

Agogo mẹ́rin lù, wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí ẹni tó máa gba àdúrà ìṣíde. Pásítọ̀ ní àyípoyípo làwọn ń gbà á, pé àwọn Mùsùlùmí ló ṣí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alfa ní rárá, àdúrà ìparí làwọn gbà. Saifudeen rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí Pásítọ̀ ṣí i, kí Alfa pa á dé. Kò sẹ́ni tó bi Tíṣà. Àdúrà ìṣíde gba ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó kan gómìnà, ó kan àwọn awakọ̀, ó kan àwọn aboyún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Lẹ́yìn èyí ni Saifudeen ka oyè àwọn àlejò lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí gbohùngbohùn máa fi kan Tíṣà, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ti lọ, ó sì ń wo aago rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀.

"Bàbá wa," Saifudeen rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, "kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín gan-an? Kí l'Ọlọ́run ṣe fún yín?"

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ rédíò yín ni mo bá wá."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní láti ọdún méjì tí òun ti ń gbọ́ eré Ọjọ́rú yẹn, aláìgbàgbọ́ mẹ́wàá ló ti gba inú rẹ̀ kọjá. Mẹ́rin ya wèrè. Mẹ́ta mutí kú. Méjì lu ìyá wọn. Ẹni tó kù, ejò ló ṣán an bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. "Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó kàn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, tó ń san owó ilé, tó ń sùn, tó ń jí. Bẹ́ẹ̀, irú àwa yẹn la pọ̀ jù. Ẹ ò mọ̀ wá nítorí a ò ya wèrè."

Alfa Israfil mi orí. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í jágbe mọ́ni. "Bàbá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Nínú eré, ta ló ń ṣe oògùn ìfẹ́ fún obìnrin? Alfa ni. Ta ló ń fi wàláà lu èèyàn ní jìbìtì? Alfa ni. Fíìmù wo ni mo ti fẹ́ rí alfa tó kàn ń kírun, tó ń tọ́ ọmọ rẹ̀? Àwa náà ń jẹ ẹ́ o."

"Kí làwa pásítọ̀ máa wá wí?" Pásítọ̀ Simon ní. "Àwa tí wọ́n máa ń bá orí èèyàn nínú fíríìjì wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ lẹ sọ," ó ní, "kò sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bà yín jẹ́ lónìí Ọjọ́bọ̀, Alfa, ẹ máa gun mínbárì lọ́la Jímọ̀, ẹ máa fèsì. Pásítọ̀ máa fèsì lọ́jọ́ Àìkú. Èmi ń kọ́? Níbo ni mo ti fẹ́ fèsì? Ibi tí mo jókòó sí yìí ni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, bóyá òun náà sì ni ìkẹyìn."

Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì pàápàá gbójú sókè. Tíṣà rí i pé àyè ti là, ó sì gba inú àyè náà wọlé kíákíá. Ó fẹnu sún mọ́ gbohùngbohùn.

"Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń gbọ́ mi mọ èyí. Kí ọmọ má gbàgbọ́ kì í ṣe àìsàn. Kì í ṣe wèrè. Ogójì ọdún ni mo ti wà bẹ́ẹ̀, orí mi pé. Ẹ lọ mú àwọn ọmọ yín wálé, kẹ́ ẹ fún wọn lóúnjẹ."

Ó ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó já lù ú, ìpolówó ò gbé e mì. Ó mọ̀ pé Martha ń gbọ́ ní Ọjà Igbó, pẹ̀lú síìpù lọ́wọ́. Ayọ̀ kún inú rẹ̀, ó sì pa ìwé kékeré rẹ̀ dé. Ká ní iná ọba lọ ní ìṣẹ́jú yẹn, à bá sọ pé ọ̀rọ̀ yìí parí síbi tó dáa. Iná tó máa ń lọ nígbà tí a ń lọ aṣọ lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn kò ṣẹ́jú.

Wọ́n ṣí fóònù sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́. James ló kọ́kọ́ pè, láti Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní Tíṣà kọ́ òun ní kẹ́mísírì, ó ní òun ò lè jókòó kí òun máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Tíṣà ti gbára dì fún èébú.

"Irọ́ ni, Saifudeen," James ní. "Tíṣà kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Èèyàn tó ń kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, tó máa ń fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé wa lọ ṣèdánwò. Aláìgbàgbọ́ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọlọ́run wà nínú wọn, àwọn ni ò mọ̀."

Ìyá kan pè láti Ọ̀yọ́, ó ní ohùn bàbá yìí kì í ṣe ohùn aláìgbàgbọ́, ohùn onísùúrù ni. Ẹlòmíràn ní ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ báyìí, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ pásítọ̀ lọ. Tíṣà ń sọ fún wọn pé òun mọ ohun tí òun gbà àti ohun tí òun ò gbà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní onírẹ̀lẹ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i gidigidi. Tí wọ́n bá bú u, ó mọ èsì tó máa fún wọn. Ẹni tó ń yìn ọ́ kó lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, báwo lo ṣe fẹ́ bá a jà?

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Saifudeen ní kí Alfa bá àwọn pa ètò dé. Alfa Israfil ò gbàdúrà fún gómìnà. Ó yíjú sí Tíṣà, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká bí ọmọ ṣe ń gbé ọwọ́ lé bàbá rẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi wá, ẹ ò ní fi kọ. Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ò ní sunkún ọmọ."

Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ṣàdúrà fún ọ, èsì kan ló ní. Ẹni tó bá dákẹ́ nígbà tí wọ́n ní kò ní sunkún ọmọ, ó ti ní kí òun sun ún nìyẹn. Láti ogójì ọdún ni Tíṣà ti ń fọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Ibi táwọn yòókù bá ti ń ṣe àmín, òun á yára sọ pé "ẹ ṣé o," á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹnikẹ́ni kì í fura. Ó sọ "ẹ ṣé o" sí àdúrà ẹsẹ̀, ó sọ ọ́ sí ti ẹ̀mí gígùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí ọmọ, ohun tó rí ni Ẹ̀yẹ lórí ẹní, tó di inú mú, tí ebi ń ge ọgbẹ́ rẹ̀ jẹ.

"Àmín," Tíṣà ní.

Kì í ṣe àmín kékeré. Ìsàlẹ̀ ikùn ló ti wá, ohùn tó fi ń kọrin ìsìnkú láàárín àwọn Onítẹ̀bọmi ló gbé e jáde, ó sì wọnú gbohùngbohùn tààrà.

Saifudeen ti fò dìde. "Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́?" Pásítọ̀ Simon ń pàtẹ́wọ́. Ẹni ẹ̀yìn gíláàsì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ dúró ná," Tíṣà ní. "Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo dáhùn, kì í ṣe pé mo ti..." Orin ìparí ti bo ohùn rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní kọ́rídọ̀, ó bẹ Saifudeen pé kó fún òun ní ìṣẹ́jú kan péré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí òun ṣàlàyé.

"Sà, kí lẹ tún fẹ́ ṣàlàyé? Ètò yìí ò tíì dùn tó báyìí rí."

"Ẹ ti sọ mí di ohun tí mi ò jẹ́."

"Ẹnu yín náà ló sọ ọ́, sà," Saifudeen ní. Ó dọ̀bálẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì sin ín dé géètì.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, dírẹ́bà ṣí rédíò yẹn kan náà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi ti gé ohùn rẹ̀ sínú ìpolówó ètò náà: ohùn Saifudeen tó ń wí pé wákàtí kan péré ló gbà, lẹ́yìn náà àmín Tíṣà, ẹ̀ẹ̀mẹta, tó ń dún bí ìró ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì. Ìyá tó jókòó tì í bá a ṣe àmín. Tíṣà kọjú sí fèrèsé, ó sì ń bínú sí ohùn ara rẹ̀ títí tí wọ́n fi dé gáréèjì.

Ní àárọ̀ Ẹtì, kó tó dé ìsọ̀ Martha, Martha ti kúnlẹ̀ láàárín àwọn òwú rẹ̀. Ó ń sunkún. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, pé ọkọ òun á máa yọ̀ níbi tó wà.

"Dìde, Ìyá Ẹ̀yẹ. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ? Mo ní kì í ṣe àìsàn. Orí rédíò yẹn náà ni. O ṣèlérí fún mi."

"Mo gbọ́. Aláìsàn kì í mọ̀ pé ara òun ò yá. Ìgbà tí àdúrà Alfa wọlé ni tiyín tó lọ, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo ti ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀nà Iresa. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di ogójì ọjọ́. Tí àdúrà ìṣẹ́jú kan bá lè ṣe ti ogójì ọdún, ti ọmọ kékeré ò ní le."

Tíṣà sún ike bọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹnu lásán ni àmín yẹn. Àṣà ni."

"Bàbá Tẹniọlá, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà nílé yín. Mo mọ ohùn yín tẹ́ ẹ bá ń fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀. Ti àná yẹn, ọkàn yín wà níbẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé èèyàn lè fi gbogbo ọkàn fẹ́ ohun kan láìmọ ẹni tí òun ń bẹ̀? Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe Martha, ó bá kúrò níbẹ̀.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé àdúrà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n nu àga fún un, wọ́n ń pè é ní Bàbá Alámìín. Obìnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀, Màmá Goodness, fúnra rẹ̀ ló lọ mú Ẹ̀yẹ jáde. Ọmọ náà ti gbẹ. Kò wọ bàtà, ó sì fi apá kan di ikùn mú bó ṣe ń rìn. Nígbà tó rí Tíṣà, ojú rẹ̀ là.

"Mo wá mú un lọ sílé," Tíṣà ní.

"Ẹ̀yin lolórí ẹbí," Màmá Goodness ní, kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀. "Níjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, a ò lè fa ọmọ lé aláìgbàgbọ́ lọ́wọ́. Báyìí tí Ọlọ́run ti dá sí i, tiyín ni. Ẹ kàn jẹ́rìí fún wa, kẹ́ ẹ gbàdúrà lé e lórí níṣojú ìjọ. Mo máa pe ìyá rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa mú un lọ." Ó ti yọ fóònù rẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ojú kámẹ́rà rẹ̀. "A máa gbà á sílẹ̀, ká fi ránṣẹ́ sí ilé rédíò."

Tíṣà wo Ẹ̀yẹ. Ẹ̀yẹ ń wò ó láìṣẹ́jú. Ó rí i pé kòtò ọrùn ọmọ náà ti jìn tó láti bu omi sí, ó sì tún rí ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun. Ogójì ọjọ́ sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Inú bí i sí Saifudeen, sí Alfa Israfil oníwà pẹ̀lẹ́, sí James, sí gbogbo èèyàn rere tó tì í dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

Ó mọ àdúrà gbà. Inú àdúrà ni wọ́n ti bí i. Ó ní òun ti ṣáko lọ, òun ti padà wálé. Ohùn bàbá rẹ̀ díákónì ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi tó yẹ níbi tó yẹ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò korò lórí ahọ́n rẹ̀. Àwọn èèyàn ń dáhùn, àwọn kan ń sunkún. Nígbà tó ṣetán, wọ́n kó bàtà Ẹ̀yẹ àti fóònù rẹ̀ fún un, wọ́n sin àwọn méjèèjì dé títì.

Tíṣà ra búrẹ́dì àti omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀yẹ jókòó sórí òkúta, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má baà dùn ún.

"Ẹ ṣé, Bàbá Tíṣà."

"Kò tọ́pẹ́. Jẹun."

"Wọ́n máa gbé e sórí rédíò, àbí?"

"Wọ́n máa gbé e."

Ó gé búrẹ́dì mìíràn, ṣùgbọ́n kò fi sẹ́nu. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn rẹlẹ̀ ni. "Gbogbo ìgbà tí Mọ́mì bá ti ní orí mi fẹ́ dàrú, ẹ̀yin ni mo máa ń tọ́ka sí. Màá ní, ẹ wo Bàbá Tíṣà, ṣé wọ́n ya wèrè ni? Wọn kì í rí èsì fọ̀ sí i. Ní ilé àdúrà yẹn gan-an, ohun tí mò ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ nìyẹn. Ta ni kí n wá máa tọ́ka sí báyìí?"

Ọ̀kadà kan ń bọ̀ láti ìhà Iresa, Tíṣà nawọ́ sí i, ó dúró. Àyè èèyàn méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Ẹ̀yẹ ń ti Tíṣà. Ó gbé Ẹ̀yẹ gùn ún, ó júwe ilé fún ọlọ́kadà, ó ní kí wọ́n máa lọ, pé òun á dúró de òmíràn.